Ẹgbẹ́ Méjì Lójú Òfúrufú: Ohun Tó Wó Nigeria Airways, Ohun Tó Gbé Ethiopian Airlines Ró

Ìtàn bàálù ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹnu oníṣòwò kan ni mo ti gbọ́ ìbéèrè tó bí i.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ ìtàn ní Nairobi. Addis Ababa ni wọ́n ní ká gbà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a balẹ̀ sí pápákọ̀ òfúrufú Bole, mo sì ní wákàtí mẹ́ta láti fi dúró de bàálù kejì. Mo wá ibì kan jókòó sí. Kí n tó gbé àpò mi kalẹ̀, Yorùbá ni mo gbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn obìnrin mẹ́ta láti ọjà Balógun l'Ékòó ni. Guangzhou ni wọ́n ti fẹ́ lọ rajà.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìnàjò o. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, sà?" Mo ní mo ti fẹ̀yìn tì, pé ìtàn ni mo fi ń kọ́ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wá sọ fún mi nígbà náà. Ẹ wo bàálù tó gbé wa wá, àwa ọmọ Nàìjíríà la kún inú rẹ̀. Àwa la pọ̀, àwa la ní epo. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé àwọn ará ibí ló ń kó wa kiri ayé?"

Mo dá a lóhùn bí gbogbo wa ṣe máa ń dáhùn. Mo ní, "Ìyá oníṣòwò, ìwà ìbàjẹ́ ni." Ó mi orí. Ó ní, "Bàbá, olè wà ní gbogbo ìlú. Mo mọ ìsọ̀ tí àwọn ọmọṣẹ́ ti ń jí owó, tí ìsọ̀ náà ò sì wó. Nǹkan mìíràn tún wà tó ń pa ọjà."

Wọ́n pe bàálù wọn, wọ́n sì lọ. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Ojú tì mí díẹ̀ pé èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn ìbéèrè ìtàn, èmi náà ló fi ọ̀rọ̀ kan dá obìnrin yìí lóhùn. Ìdáhùn tó yẹ kí n fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn.

Ẹgbẹ́ ni ilé iṣẹ́ méjèèjì yìí. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1945 ni wọ́n dá Ethiopian Airlines sílẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 1946 ni bàálù rẹ̀ àkọ́kọ́ gbéra láti Addis Ababa, ó gba Asmara lọ sí Káírò. Bàálù tí ogun àgbáyé kejì fi sílẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1946 kan náà ni ìjọba àmúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dá West African Airways Corporation sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà. WAAC ni àwọn bàbá wa ń pè é, Èkó sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Nígbà tí Gánà gba òmìnira, ó yọ ẹsẹ̀, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1958. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni WAAC ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba ló ni ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀, Elder Dempster tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù àti BOAC ti ìlú Ọba ló pín ìyókù. Kò pẹ́ tí ìjọba fi ra gbogbo rẹ̀ pátá. Ní 1971 ni orúkọ rẹ̀ di Nigeria Airways, erin aláwọ̀ ewé tó ń fò sì wà lára rẹ̀.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìjọba ló ni èkíní, ìjọba ló ni èkejì. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìjọba Ethiópíà ló ṣì ni Ethiopian Airlines. Nítorí náà, àwọn tó máa ń sọ pé "ìjọba kò lè ṣòwò, ẹ tà á fún aládàáni" ní láti tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. Bákan náà ni ti owó. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, owó epo ń ya wọ Nàìjíríà bí omi, náírà sì lágbára ju dọ́là lọ. Ethiópíà ní tirẹ̀ wà nínú ìdìtẹ̀ ìjọba, ogun abẹ́lé àti ìyàn. Bí wọ́n bá ní kí èèyàn tó gbọ́n ta tẹ́tẹ́ ní 1978 lórí èyí tí yóò kú nínú àwọn méjèèjì, mo mọ èyí tí ì bá mú.

Ó mú èyí tí kì í ṣe òun nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí Ọba Haile Selassie fẹ́ dá ilé iṣẹ́ bàálù sílẹ̀, kò sí ọmọ Ethiópíà tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó bá TWA ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé kí wọ́n wá máa bójú tó o. Àwọn Amẹ́ríkà ló ń wakọ̀, àwọn ló ń tún un ṣe, àwọn ló ń ṣe ọ̀gá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n kọ́ onílé títí tí onílé á fi lè dá ṣe é. Ní 1957, Alemayehu Abebe di ọmọ Ethiópíà àkọ́kọ́ tó di kápútéènì bàálù níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ àti ti àwọn ẹnjiníà. Ní 1971 ni ọmọ Ethiópíà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Semret Medhane, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jókòó sórí àga ọ̀gá àgbà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún 25. Wọn ò lé àlejò lọ kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí àlejò sọ ara rẹ̀ di onílé.

Ṣé àwa ò kọ́ iṣẹ́ ni? A kọ́ ọ dáadáa. Ilé ẹ̀kọ́ bàálù tó wà ní Zaria ti wà láti 1964. Àwọn awakọ̀ àti ẹnjiníà wa kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Títí dòní, ẹ máa bá wọn ní àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Lárúbáwá. Ohun tí a ò kọ́ dáadáa ni bí a ṣe ń darí òwò náà. Nígbà tí gbogbo nǹkan dàrú ní 1979, ìjọba pe KLM ti ilẹ̀ Netherlands pé kó wá bá wa darí rẹ̀. Ọdún méjì ni àdéhùn náà. Ẹ fi ọdún méjì wé ọdún 25. Ọmọ tó bá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ tí kò lò ju oṣù kan lọ, ó lè mọ ojú abẹ́rẹ́, kò lè mọ bí a ṣe ń gé agbádá.

Ohun kejì, òun ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ta ló lè sọ fún ẹni tó ni ilé iṣẹ́ pé "rárá"?

Ní 1974, àwọn ológun tí a mọ̀ sí Derg gbàjọba ní Ethiópíà. Ìjọba wọn le, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan ilé iṣẹ́ bàálù náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fọwọ́ kan gbogbo nǹkan. Òṣìṣẹ́ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, àdánù sì dé. Ṣùgbọ́n ní 1980 nǹkan yí padà. Wọ́n fi Kápútéènì Mohammed Ahmed ṣe olórí, wọ́n sì gbà kó dín òṣìṣẹ́ kù, kó máa ṣe é bí òwò. Ẹ gbọ́ ibi tó yà mí lẹ́nu. Ìjọba yìí kan náà, ọ̀rẹ́ Mọsko ni. Ohun ìjà rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì ló ti ń wá. Síbẹ̀, nígbà tó di ọ̀rọ̀ bàálù akérò, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ní Boeing ni yóò mówó wọlé. Ìjọba gbà. Ní 1984 ni Boeing 767 àkọ́kọ́ wọn dé láti Amẹ́ríkà. Àwọn alágbára tí kì í gbọ́rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ilé iṣẹ́ bàálù wọn lẹ́nu.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ìjọba ológun kan á dé, á lé ọ̀gá àgbà. Òmíràn á dé, á lé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn. Ọ̀gá tí kò mọ̀ bóyá òun á wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé òun ló máa ṣètò ọdún mẹ́wàá? Owó ọkọ̀ lábẹ́lé, ìjọba ló ń fọwọ́ sí i, kò sì wo iye tí epo jẹ. Àwọn ẹni ńlá àti ẹbí wọn ń wọ bàálù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ń gba tíkẹ́ẹ̀tì láwìn, wọn kì í sì í rántí san án. Tí mínísítà bá ti pẹ́ dé, bàálù á dúró dè é, àwọn èrò á máa làágùn nínú rẹ̀. Ta ni yóò sọ pé rárá? Awakọ̀ dánfó tó gbé onímọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ṣe nǹkan kan. Bó bá ń gbé onímọ́tò àti gbogbo ará ilé rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ni yóò fi ra epo?

Ẹ tún wo irú àwọn bàálù tí wọ́n rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Nigeria Airways ní nǹkan bí 30 bàálù, iye tó tó fi yangàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n Boeing 707, 727 àti 737 wà níbẹ̀, Fokker F28 wà níbẹ̀, DC-10 wà níbẹ̀, Airbus A310 tún dé lẹ́yìn náà. Irú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀yà ara tirẹ̀ tí a ní láti tọ́jú pamọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ fún awakọ̀, àti ẹnjiníà tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní mọ́tò 6 tó jẹ́ irú kan náà lè yọ táyà ọ̀kan fi sí òmíràn. Ẹni tí mọ́tò 6 tirẹ̀ jẹ́ irú mẹ́fà, mẹ́fà ni mẹkáníìkì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń gbòòrò láyé ló mọ àṣírí yìí. Southwest ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1971 pẹ̀lú Boeing 737, irú kan yìí náà ló sì fi di ńlá.

Ohun kẹta ni àwọ̀ owó. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò.

Èèyàn máa ń rò pé òwò bàálù jẹ́ òwò olówó, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Lọ́dún tó dáa fún àwọn ilé iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, èrè tó kù lórí èrò kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá san gbogbo owó tán, kò tó dọ́là mẹ́wàá. Ọjà wọn sì dà bíi tòmátò. Tòmátò tí o kò tà ní Mile 12 lónìí, ó lè ku díẹ̀ tí wàá rí tà lọ́la. Àga tó ṣófo nínú bàálù tó gbéra láago méjì, ó ti jẹrà ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú kan. Owó epo rẹ̀ kò dín, owó awakọ̀ rẹ̀ kò dín. Nínú irú òwò bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kékeré lè jẹ èrè ọdún kan tán.

Wàyí o, bàálù, dọ́là la fi ń rà á. Ẹ̀yà ara rẹ̀, dọ́là. Ìbánigbófò rẹ̀, dọ́là. Àyẹ̀wò ńlá tí a ń gbé e lọ òkè òkun fún, dọ́là. Nigeria Airways ń ta ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní náírà. Nígbà tí náírà lágbára, ẹnikẹ́ni kò rí ihò tó wà níbẹ̀. Ní 1986 ni ìjọba Babangida jẹ́ kí náírà já wálẹ̀, láti ọjọ́ yẹn ni gbèsè tó wà ní dọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo sí i, láìjẹ́ pé wọ́n tún yá kọ́bọ̀ kan. Owó àtúnṣe kò sí mọ́, bàálù ń jókòó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń yọ ẹ̀yà ara èyí tó jókòó fi sí èyí tó ń fò. Ó dé ibi tí àwọn tí ilé iṣẹ́ náà jẹ lówó ń dá bàálù rẹ̀ dúró ní òkè òkun.

Àwa nìkan kọ́ ló ṣe. Àwọn aládùúgbò wa ní Cotonou àti Lomé mọ̀ ọ́n dáadáa. Air Afrique, tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé dá sílẹ̀ pọ̀ ní 1961, ní àwọn olówó rẹ̀ tó lé ní mẹ́wàá, olúkúlùkù sì fẹ́ kí ọmọ ìlú òun rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1994 ni wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì. Òru ọjọ́ kan ni gbèsè bàálù wọn di ìlọ́po méjì. Ní 2002 ó kú. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Nigeria Airways náà tẹ̀ lé e; bàálù tó ṣì lè fò kò pé márùn-ún.

Ethiópíà ńkọ́? Owó birr tiwọn kò lágbára rí. Ọmọ ìlú wọn tó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì kò pọ̀. Àìní yẹn gan-an ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Wọ́n mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ará ilé kò lè bọ́ àwọn. Èrò ọ̀nà ni wọ́n ní láti gbé, ẹni tí kì í ṣe Addis ni ó ń lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fò wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ti Èkó lọ sí Nairobi sábà máa ń gba Yúróòpù. Ní 1973 ni wọ́n ti ń fò lọ sí Ṣáínà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé ọjọ́ kan á wà tí ìyá Balógun á fẹ́ lọ sí Guangzhou. Àwọn bàálù láti Èkó, Accra, Lomé, Douala àti Lusaka máa ń pàdé ní Bole láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn èrò á ti inú èyí bọ́ sínú tọ̀hún, wọ́n á tún gbéra. Èmi àti àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ń lọ sí Ethiópíà. Owó wa, owó òkè òkun ni fún wọn. Òun ni wọ́n fi ń san dọ́là tí wọ́n jẹ.

Lọ́dọ̀ wa l'Ékòó, ẹni tó ti Ìbàdàn tàbí Kánò wọ bàálù wá tó fẹ́ lọ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ jáde, kó wá mọ́tò, kó wọ inú gosiló lọ sí pápákọ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ wa lábẹ́lé ló sì ń ti ilẹ̀kùn bí oòrùn bá ti wọ̀, nítorí iná kò sí lójú ọ̀nà bàálù. Mọ́tò tí a fi gbèsè rà, tí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lálẹ́! Báwo ni yóò ṣe san gbèsè náà?

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ikú níbí, nítorí ìtàn bàálù tí kò bá sọ ọ́, irọ́ ni. Ní oṣù Kọkànlá 1969, VC10 Nigeria Airways já nítòsí Èkó, èèyàn 87 kú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 1991, bàálù DC-8 tí wọ́n yá láti Kánádà láti fi kó àwọn arìnrìn-àjò Hájì jóná ní Jeddah, èèyàn 261 kú. Ethiopian náà ti sunkún. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2019, Boeing 737 MAX rẹ̀ já ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó gbéra ní Addis, èèyàn 157 kú. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú, ọ̀kan lára àwọn tó mọ kálámù lò jù nínú ìran tó tẹ̀ lé tiwa. Mi ò lè kọ nǹkan kan nípa ilé iṣẹ́ yìí kí n má dárúkọ rẹ̀. Irú bàálù kan náà ti já ní Indonesia ní oṣù márùn-ún ṣáájú, ẹ̀rọ kan tí àwọn tó ṣe bàálù náà fi sínú rẹ̀ ló sì ń ti imú rẹ̀ sísàlẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kòrónà dé. Nígbà tí àwọn mìíràn gbé bàálù sílẹ̀ tí wọ́n ń bẹ ìjọba fún owó, Ethiopian kó àga kúrò nínú àwọn bàálù kan, wọ́n fi ń kó ẹrù àti oògùn. Ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ dúró, ìjì á mì ín, kò ní wó o.

Àwọn kan á ní, "Prof, ẹ ti sọ ti ìjọba. Àwọn aládàáni wá ńkọ́?" Ó dáa. Lẹ́yìn tí Nigeria Airways kú, Virgin Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 2005, àwọn ará ìlú Ọba ní ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́ ní 2012. Arik bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ó yára dàgbà, ó ra bàálù tuntun, ó fò dé London àti New York. Ní oṣù Kejì 2017, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, AMCON sì gbà á. Okada ti lọ. Bellview ti lọ. Sosoliso ti lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sanra ni ara rẹ̀ le.

Ìjọba náà tún gbìyànjú. Ní 2018, wọ́n fi àmì Nigeria Air han ayé níbi ìpàtẹ bàálù Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà wọ́n dá a dúró. Ní oṣù Karùn-ún 2023, bàálù kan tí wọ́n kọ Nigeria Air sí lára balẹ̀ sí Abuja, a pàtẹ́wọ́. Bàálù Ethiopian ni wọ́n kun. Ó padà sílé rẹ̀, mínísítà tó tẹ̀ lé e sì dá ètò náà dúró. Ẹ gbà mí láyè kí n má sọ̀rọ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí ẹ̀rín àti ẹkún ò yé jà lọ́kàn mi tí mo bá rántí rẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ń kọ oríkì Ethiopian. Ìjọba wọn dáàbò bò wọ́n lábẹ́lé fún ìgbà pípẹ́, ẹnikẹ́ni kò bá wọn du ọ̀nà. Ohun tí wọ́n ṣe, kò sí bí gbogbo orílẹ̀-èdè 54 ṣe lè ṣe é. Tí gbogbo ìlú bá di oríta, ta ni yóò wá gbà á kọjá? Àwọn tó gbọ́n ń wá ibi tí yóò gbà wọ́n. Gervais Djondo, ọmọ Tógò tó wà lára àwọn tó dá Ecobank sílẹ̀, bá Ethiopian fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti dá ASKY sílẹ̀ ní Lomé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 2010, ó ṣì ń fò. Lọ́dọ̀ tiwa, Air Peace tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 pẹ̀lú ọ̀nà abẹ́lé fò lọ sí London fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹta 2024, ó sì ti lò tó ọdún mẹ́sàn-án lórí òwò náà kó tó débẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n náírà tí wọ́n ń gbà àti dọ́là tí wọ́n ń san ṣì ń bá ara wọn jà. Àwọn àjèjì pàápàá mọ ìrora yìí: ní 2022, Emirates dá ìrìnàjò rẹ̀ sí Nàìjíríà dúró nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó há sọ́dọ̀ wa tí kò rí kó lọ, ọdún méjì gbáko ló sì tó padà.

Nítorí náà, ìdáhùn mi fún ìyá oníṣòwò nìyí. Ìwọ lo gba á. Olè wà níbẹ̀, ó sì bà á jẹ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló pa á. Ohun tó pa á ni pé ẹni tó ni ín kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé rárá fún òun. Pé ó fi owó kan tajà, ó fi òmíràn ra á. Pé ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò ní sùúrù láti kọ́ ìṣàkóso rẹ̀. Pé ó rò pé ará ilé tó pọ̀ ti tó láti mú un là. Ethiópíà là nítorí pé òṣì kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe irú àwọn àṣìṣe yẹn pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn Nigeria Airways ní 2003, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló wà níta, awakọ̀, ẹnjiníà, akọ̀wé, àwọn tó ń gbálẹ̀. Wọn kò gba ẹ̀tọ́ wọn. Ní 2018 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án, apá kan rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ san. Ọdún 15! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú kí owó náà tó dé; àwọn opó àti ọmọ wọn ló lọ tò fún un. Tí ẹ bá gbọ́ tí olóṣèlú kan tún ń sọ pé òun fẹ́ dá ilé iṣẹ́ bàálù orílẹ̀-èdè sílẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè àwọ̀ tí yóò kùn ún. Ẹ bi í pé ta ni yóò lè sọ fún un pé rárá.

Tí ẹ bá sì ní bàbá tàbí ìyá tó bá WAAC tàbí Nigeria Airways ṣiṣẹ́ rí, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Fọ́tò wọn, káàdì iṣẹ́ wọn, ìwé owó oṣù wọn, ẹ má jù ú nù. Àwọn tó rí i lójú ara wọn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá sì bá wọn wọ ilẹ̀, kò sí òpìtàn tó lè hú u jáde.